Àrùn Rọpárọsẹ̀ ní Ìdálẹ̀: Ilé Ìwòsàn Ni Ká Sáré Lọ, Kì í Ṣe Ibùdókọ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti gbé ìlú Onitsha rí tí kò mọ Iweka Road. Ọ̀nà náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí èrò kì í dá lórí wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ títa rédíò, tẹlifíṣàn àti ohun èlò iná mànàmáná. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n sì rékọjá Odò Ọya wá rajà tàbí wá tajà níbẹ̀ kò kéré níye. Bí ènìyàn bá dé ibi tí wọ́n ń pè ní Upper Iweka, yóò bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń gbé èrò lọ sí Èkó, sí Benin, sí Enugu, sí Owerri àti sí ìlú mìíràn káàkiri. Ẹni tí ó ń relé lọ ṣọdún, ẹni tí ó ń relé lọ sìnkú, ẹni tí ó ń relé lọ ṣe ìgbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọkọ̀.

Ibẹ̀ náà ni àwọn ará ilé máa ń ronú kàn nígbà tí àìsàn òjijì bá kọlu ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni pé, "Ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sílé." Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ni ìyá àti bàbá wà, ilé ni èdè ti yéni, ilé ni a ti mọ ẹni tí a lè sá tọ̀. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ di ikú tàbí àbùkù ara títí ayé. Àrùn náà ni rọpárọsẹ̀, èyí tí àwọn àgbà mìíràn ń pè ní ẹ̀gbà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀nà láti Onitsha dé Èkó ju 400 kìlómítà lọ. Bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò sì dí ọ̀nà, ìrìn wákàtí méje tàbí mẹ́jọ ni. Ní ọdún 2006, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Saver, ṣe ìṣirò ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn òpó ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ bá dí. Ó rí i pé ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, nǹkan bí 1,900,000 nínú àwọn ẹ̀yà tíńtìntín tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ń kú. Bí a bá fi wákàtí mẹ́jọ ìrìn àjò ṣírò rẹ̀, ó lé ní 900,000,000. Kò sí oògùn tí ń jí wọn dìde. Aláìsàn tí ó wọkọ̀ ní Upper Iweka pẹ̀lú apá tí ó rọ díẹ̀ lè dé Èkó láìlè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí àrùn náà jẹ́

Ọpọlọ ni ó ń darí gbogbo ara. Ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ lọ bá ọpọlọ ní ìṣẹ́jú gbogbo, nítorí kò ní àká tí ó lè fi nǹkan pamọ́ sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ń dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ mọ́. Ọ̀nà méjì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí ọ̀rá lè dí òpó ẹ̀jẹ̀, bí ìdọ̀tí ti ń dí páìpù omi. Ọ̀nà kejì ni pé òpó náà lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì tú sínú orí. Èyí tí ó dí ni ó pọ̀ jù níbi gbogbo ní ayé, ṣùgbọ́n èyí tí ó bẹ́ kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa: nínú àwọn aláìsàn tí a ṣe ìwádìí wọn ní Nàìjíríà àti Ghana, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Nítorí náà, àrùn yìí kì í ṣe àrùn apá tàbí ti ẹsẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Inú orí ni ìjàǹbá náà wà. Apá àti ẹsẹ̀ kàn ń jíṣẹ́ fún wa ni. Ẹni tí ó bá ń fi òróró pa apá tí ó rọ, tí kò sì wá ìtọ́jú fún ọpọlọ, ó dà bí ẹni tí ó ń nu omi ilẹ̀ tí kò ti ẹ̀rọ omi pa.

Àmì mẹ́ta àti aago kan

Ní ọdún 1998, àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣètò àyẹ̀wò kúkúrú kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìjẹ́ dókítà. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì nílò ohun èlò kankan. Nǹkan mẹ́rin ni a ó máa rántí: ojú, apá, ọ̀rọ̀ àti aago.

Ojú: Ẹ ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín tàbí kí ó ṣí eyín. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan wọ́ sílẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ kò dọ́gba mọ́?

Apá: Ẹ ní kí ó na apá méjèèjì síwájú, kí ó sì di ojú. Ṣé ọ̀kan ń rọ̀ wálẹ̀? Ṣé ọ̀kan kò tilẹ̀ ṣeé gbé?

Ọ̀rọ̀: Ẹ ní kí ó wí gbólóhùn kan tẹ̀lé yín. Ṣé ahọ́n rẹ̀ wúwo? Ṣé ó ń sọ ohun tí kò ní ìtumọ̀? Ṣé ohun tí ẹ ń wí kò yé e?

Aago: Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà, ẹ wo aago, kí ẹ sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tí ó máa ń dé lójijì: ojú kan tàbí méjèèjì lè ṣókùnkùn, òòyì lè kọ́ ènìyàn débi pé kò ní lè rìn tààrà, orí lè máa fọ́ lọ́nà tí kò fọ́ rí, apá kan ara lè kú tìpìrì. Ọ̀rọ̀ náà "lójijì" ni kí ẹ dì mú. Ara tí ń ro ènìyàn láti oṣù mẹ́ta kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú apá tí ó yè ní aago mẹ́jọ, tí ó sì rọ ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó lè ṣòro jù fún ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ká ní bàbá kan tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá Iweka Road. Ó fẹ́ ka owó, owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ Ígbò gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò já gaara? Ó lè rò pé èdè ni. Ẹlòmíràn tí ó ń kọjá lè rò pé ó ti mu ọtí. Àbúrò rẹ̀ tí ó wà nítòsí lè wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ó ti rẹ̀ yín ni." Gbogbo wọn ń fẹ́ ire fún un, síbẹ̀ wákàtí kan ti lọ. Nítorí náà, bí àwọn tí ó wà nítòsí kò bá gbọ́ èdè aláìsàn, kí wọ́n fi fóònù pe ọmọ Yorùbá kan lójú ẹsẹ̀ kí ó bá a sọ̀rọ̀. Bí a kò bá sì rí ẹni pè, ojú àti apá kò ní èdè. Wọ́n tó ẹ̀rí.

Àmì tí ó dé tí ó sì lọ

Nígbà mìíràn apá yóò rọ, ẹnu yóò wọ́, ṣùgbọ́n láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ tàbí wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọpẹ́ yẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì yẹ. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ni ó dí tí ó sì là fúnra rẹ̀. Ó lè tún dí ní ọjọ́ kejì, kí ó má sì là mọ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ rí dókítà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó má wí pé òun yóò lọ bí ọjà bá tú.

Ìdí tí wákàtí fi ṣe pàtàkì

Láyé àtijọ́, kò sí ohun púpọ̀ tí oníṣègùn lè ṣe. Ààrẹ Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, pàápàá kò rí ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru fún ọdún mélòó kan, oògùn tí ó lágbára láti rọ̀ ọ́ kò sì tíì sí ní ìgbà náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, ó ṣàròyé ẹ̀fọ́rí líle, ó dákú, ó sì kú ní ọjọ́ náà. Ẹni ọdún 63 ni.

Ayé ti yí padà láti ìgbà náà. Ní ọdún 1971, a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí, tí a ń pè ní CT, yẹ aláìsàn kan wò ní London. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń fi hàn bóyá òpó dí ni tàbí ó bẹ́. Ní ọdún 1995, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan wà tí ó lè yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, bí a bá fún aláìsàn láàrin wákàtí mẹ́ta. Ní ọdún 2008, ìwádìí mìíràn ní Yúróòpù sọ ọ́ di wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Láti ọdún 2015 ni ó sì ti hàn gbangba pé, ní ilé ìwòsàn tí ó ní ohun èlò rẹ̀, a lè ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ lọ fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde.

Abẹ́rẹ́ yìí kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì wọ́n. Ẹnìkan lè tìtorí èyí béèrè pé, kí ni ìwúlò eré sísá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ náà nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò wo ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, nítorí ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ jù lè fara jọ rọpárọsẹ̀ pátápátá, a sì lè wò ó sàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn yóò fi ọgbọ́n rọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn yóò wò ó bóyá aláìsàn lè gbé nǹkan mì, kí oúnjẹ má baà ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọn yóò máa yí i padà kí egbò má baà dá sí i lára. Bí àtẹ̀gùn bá yẹ kí ó fún un, wọn yóò fún un. Ọ̀pọ̀ tí rọpárọsẹ̀ pa ni ó jẹ́ pé ohun kékeré báwọ̀nyí ni a kò ṣe fún wọn ní àkókò.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe fún aláìsàn ní omi, oúnjẹ, àgbo tàbí epo pupa. Ọ̀fun rẹ̀ lè ti rọ, ohun tí ẹ rò pé ó wọ ikùn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ má ṣe fún un ní aspirin. Lóòótọ́ ni dókítà máa ń lò ó fún òpó tí ó dí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òpó bẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ yóò túbọ̀ máa tú. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíràn, ẹ má sì ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́.

Ẹ má ṣe gbé e sórí alùpùpù ní àárín ènìyàn méjì. Ọkọ̀ tí ó lè dùbúlẹ̀ sí ni kí ẹ wá. Bí kò bá mọ ara mọ́ tàbí tí ó ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ọ̀nà ọ̀fun má baà dí.

Ẹ má ṣe dúró de àlàyé ẹni tí ó fi ṣe é. Àwọn kan gbà pé ọta ni ó ta á, àwọn mìíràn ń wí pé abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ni ó ń pa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń pa á ni ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ọpọlọ àti ẹsẹ̀ tí kò yá. Àdúrà kò sì bá ìtọ́jú jà. A lè máa gbà á nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí àwọn oníṣègùn wa ti rí

Kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ni a ti ṣe ìwádìí. Láàrin ọdún 1973 sí 1975, àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkugbé wà lára wọn, ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní ìlú náà. Ìròyìn wọn tí ó jáde ní ọdún 1979 fi ẹ̀jẹ̀ ríru hàn gẹ́gẹ́ bí aṣáájú àrùn náà. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n fi aláìsàn 2,118 ní Nàìjíríà àti Ghana wé iye kan náà tí ara wọn le. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni ó tún ṣáájú. Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, ikùn títóbi, àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́, wàhálà ọkàn, iyọ̀ bíbù sí oúnjẹ lórí tábìlì, àrùn ọkàn, àìṣe eré ìdárayá àti sìgá mímu.

Ta ni ó ka àwọn nǹkan wọ̀nyí tí kò rí ìgbésí ayé oníṣòwò nínú wọn? A jí ní kùtùkùtù, a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ ṣú, a ra oúnjẹ tí màgí àti iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, owó ọjà ń yọ ọkàn lẹ́nu, ìyàwó àti ọmọ wà lọ́nà jíjìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í sọ̀rọ̀. Ènìyàn lè gbé e kiri fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Bí ó bá ń tó 140/90 tàbí tí ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, ẹ rí dókítà. Ẹni tí a bá fún ní oògùn kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Oògùn náà ni ó mú kí ara yá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ ní ojúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ọmọ tí ó ní àrùn sickle cell lè ní rọpárọsẹ̀ láti kékeré. Àmì kan náà ni kí ẹ máa ṣọ́ lára wọn.

Ìmúrasílẹ̀ ará ìdálẹ̀

Kí àìsàn tó dé ni a ti ń mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Onitsha kò jìnnà sí ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ti ìjọ Kátólíìkì, St. Charles Borromeo. Iyi-Enu wà ní Ogidi nítòsí. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe sì wà ní Nnewi, tí kò ju nǹkan bí 25 kìlómítà lọ. Ẹ lọ béèrè nísinsìnyí: níbo ni dókítà wà lóru? Níbo ni ẹ̀rọ CT wà, èló sì ni? Kí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí wọ́n kà á ní ìpàdé, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ pamọ́ fún ọkọ̀ àti àyẹ̀wò òjijì. Ẹgbẹ́ tí ń dáwó láti gbé òkú relé lè dáwó láti dá ẹ̀mí sí.

Kí olúkúlùkù ní ìwé kékeré kan nínú àpò tí a kọ orúkọ rẹ̀, oògùn tí ó ń lò àti nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀ sí. Kí ó kọ́ aládùúgbò rẹ̀ ní àmì mẹ́ta náà, nítorí aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, kí ẹni tí ó bá a lọ sọ wákàtí tí a rí i kẹ́yìn pẹ̀lú ara líle. Bí ó bá jẹ́ pé ojú oorun ni ó ti bá a, ìgbà tí ó lọ sùn ni a ó kà.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní ẹsẹ̀ 20, sọ pé ilé ìwòsàn tàbí oṣiṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó fa á. Kò sọ pé ọmọ ìpínlẹ̀ náà nìkan ni, kò sì sọ pé ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlú nìkan ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojúṣe yìí wà lọ́rùn gbogbo ẹni tí ó wà lọ́jà nígbà tí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ lójijì, yálà Yorùbá ni, yálà Ígbò ni, yálà Hausa ni. Ilé kò ní í sá lọ. Àwọn ọkọ̀ Upper Iweka yóò ṣì máa gbérò lọ́la àti lọ́tùn-ún, aláìsàn tí ara rẹ̀ bá sì ti mókun yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀ wọ́n nígbà tí dókítà bá ní kí ó máa lọ kí àwọn ará ilé.